Mo Gbọ́, N Kò Ní Mo Gbà

Ọjọ́rú, Olódò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó fi okun mú mi dé ìrọ̀lẹ́ òní.

Díákónì ìjọ wa tí ó ní kí Bọ́lá ọmọ mi kó oògùn àrùn éèdì rẹ̀ dànù, pé àdúrà tó, wá kí mi. Bọ́lá ti rù kan egungun. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò náà ń pa àwọn balógun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn, tí àwọn ọmọ-ogun tó kù fi ń jà láìsí àṣẹ títí agara fi dá wọn. Ó ní àwọn ọ̀bọ kan ní irú rẹ̀ lára, síbẹ̀ wọ́n ń darúgbó, nítorí ọmọ-ogun tiwọn kì í bínú pẹ́.

Èmi kì í ṣe ọ̀bọ.

Díákónì ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà agbolé wa nìkan ni ẹ lè dábàá orúkọ mi fún ipò alàgbà ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Mo gbọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Bọ́lá ti bẹ̀ mí pé kí n má tú àṣírí òun nínú ìjọ. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Kí Díákónì dúró níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó máa retí ohùn mi.

Kí Olúwa má jẹ́ kí irú olùgbàdúrà bẹ́ẹ̀ wọ ilé ẹni tí yóò ka ìwé yìí lẹ́yìn mi.