Kí Omi Ara Tó Gbẹ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo kí ẹ̀yin àti Bàámi, mo kí Ìyá Àgbà pẹ̀lú. Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ òní nìyí: ọyẹ́ bo ilé iṣẹ́ irin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, èéfín rẹ̀ nìkan ló hàn, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn, apá mi ọ̀tún funfun bí ẹni pé mo tì í bọ inú eérú, apá mi òsì ń dán. Nítorí apá méjèèjì yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Mo kọ ọ́ sí gbangba torí pé àwọn mìíràn ti ra ọsẹ tí ẹ ń sè ránṣẹ́ láti Ìkìrun lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ilé wọn.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Màmá Tósìn, tó ń ta ọsẹ àti ìpara ní ìlú Ṣàngó níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí yunifásítì àti ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ti dé agbègbè yìí, ọmọbìnrin tó ń fẹ́ kí ojú òun dán kò níye. Ọ̀kan nínú wọn ni Fúnmi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ra ọsẹ dúdú yín, ó ra òrí. Mo ní kó fi ọsẹ wẹ̀, kó fi òrí para. Ó parí. Ẹ̀yin náà ṣáà máa ń sọ pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń tà, ebi ni ìbá pa mí.

Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá. Ojú rẹ̀ ń bó, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sán. Ó ní òun kò lè gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ dúró níwájú ìjọ. Màmá Tósìn bi mí pé ṣé ojú ni mo ní kó fọ̀ ni àbí ìdí ìkòkò. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọsẹ Ìkìrun ló ṣe èyí, òun kò ní í gbà á lọ́wọ́ yín mọ́. Ọsẹ tí ẹ fi rán mi níléèwé ni wọ́n fẹ́ kọ̀.

Ìyá mi, ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé igbá òrí dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀? Ẹ ó máa pariwo pé kí omi ara wa tó gbẹ, kí omi ara wa tó gbẹ. Mo rò pé ẹ ń kán wa lójú ká má pẹ́ dé iléèwé ni. Níbí, kò sẹ́ni tó ń pariwo sí mi. Mo bi Fúnmi bó ṣe ń ṣe é. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni òun ń fọjú, òun á fi táwẹ̀lì nù ún gbẹ, òun á kàwé díẹ̀, kí òun tó rántí òrí.

Mo dán an wò fún ọjọ́ méje. Ọsẹ kan náà, omi kan náà. Mo fi òrí pa apá òsì nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Mo jẹ́ kí ọ̀tún gbẹ pátápátá kí n tó pa á. Mo wá mọ̀ pé eérú inú ọsẹ kì í ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá ara. Méjèèjì ló ń fọ̀ lọ. Òrí kì í sì í bu omi fún ara. Ìdérí ni. Ẹni tó bá dé ìkòkò òfìfo, kí ló fẹ́ bá nínú rẹ̀?

Lónìí mo na apá méjèèjì sí Màmá Tósìn. Ó fi èékánná ha ọ̀tún, ilà funfun yọ. Ó ha òsì, kò yọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní odi ti di dókítà. Ó ní òun yóò máa gba ọsẹ yín, ṣùgbọ́n èmi ni n óò lọ fi ẹnu ara mi ṣàlàyé fún Fúnmi. Mo lọ. Mo sọ̀rọ̀ ju bí mo ti sọ rí lọ. Ó gbọ́ tán, ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò ní í kọrin lọ́jọ́ Sọ́ńdè yìí.

Ọsẹ yín kò jẹ̀bi, Ìyá mi. Ẹnu mi ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ máa fi í ránṣẹ́. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí iná kú nídìí ìkòkò yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún Kẹ́mi, àbúrò mi, pé kó má bínú tí ẹ bá ń pariwo.

Mo ti wẹ̀. Mo fi òrí pa apá méjèèjì pẹ̀lú omi lára wọn, mo sì dùbúlẹ̀ ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣadé.