Àgbọ̀n tí Bàbá Fámúrewá Fi Ń Gbọ́rin

Èsà-Òkè, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n ti bí Bàbá Sylvester Àkàngbé Fámúrewá lọ́dún 1938. Pa Dáníẹ́lì Fámúrewá, káfíńtà, ni bàbá wọn. Màmá Àṣàbí, ahunṣọ, ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde nílé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n pákó kan ṣoṣo tí ọwọ́ wọn gbà ni pákó gìtá.

Lọ́dún 1957 wọ́n dé Mushin. Lọ́dún 1966 wọ́n gbé Lydia Ọmọ́níkẹ́, télọ̀ ní Yaba, níyàwó. Títí dòní ni Màmá Lydia ń sọ pé gìtá ni ìyáálé àwọn.

Ọdún 1971 ni Bàbá wọ ẹgbẹ́ olórin Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, tó ń ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àgùdà. Ọ̀rọ̀ gìtá kì í tán lẹ́nu Bàbá. Wọ́n ní okùn tuntun kì í mọ̀wà hù, àfi téèyàn bá lò ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní àṣìṣe tí èèyàn bá rọra ṣe, áńpílífáyà á sọ ọ́ di ti gbogbo àdúgbò. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ áńpílífáyà yìí gan-an ni wọ́n dúró sí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó fi di 1986, etí wọn ti di. Màmá nìkan ni wọ́n sọ fún: “Lydia, ta ló máa gba onígìtá adití síṣẹ́?”

Wọ́n wá ń fi àgbọ̀n lé ara gìtá, kí ìró okùn lè gba inú eegun wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ onígìtá Surulere rò pé oge ni. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń tẹ ọrùn sórí gìtá, tí ọrùn ń dùn wọ́n, tí wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Bàbá kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wọn ní gìtá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún 1991, NEPA mú iná láàárín orin. Áńpílífáyà kú, gbogbo ẹgbẹ́ dáwọ́ dúró. Bàbá dijú, wọ́n ń ta gìtá lọ ní tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta látẹ̀yìn, wọn ò dáhùn. Àyà Màmá, tó jókòó níwájú, já. Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé ṣe yíjú sáwọn elégbè: “Ẹ bá Ẹ̀gbọ́n gbè é jàre!” Orin bẹ̀rẹ̀ padà láìsí iná, èrò pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ìlù ńlá sídìí ẹsẹ̀ Bàbá, wọ́n ní àyè ò tó níbòmíràn. Pákó pèpéle wá ń sọ fún ẹsẹ̀ Bàbá ibi tí orin dé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Bàbá tún fi ta gìtá, wọ́n sì gbà pé àṣírí àwọn ò tú.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 1998. Wọ́n fi Màmá sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Gbádé, Ayọ̀miídé àti Ṣùbòmí, àti ọmọ-ọmọ méje.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé pé àwọn fi ọ̀rọ̀ etí pa mọ́ fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ọjọ́ tí NEPA mú iná yẹn ni gbogbo wa ti mọ̀. A ò kàn fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé a mọ̀ ni.”

Bàbá wa, kò sẹ́ni tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín mọ́. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó fẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ sùn re o.