Àdùfẹ́, Ọmọ Alápatà Tí Kò Jẹ Ẹran Mọ́

Ìsọ̀ Ẹran, Ìgbòho.
Oṣù Èbìbí, 1991.

Àdùfẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òkun Àpápá ò bínú, ṣé àwọn tírélà ń jẹ́ kí o ráyè kọjá lọ síbi iṣẹ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí ohun tí yóò bà ọ́ lẹ́rù lójú títì, kí ọ̀gá rẹ má bínú sí ọ ju bí a ti ń bínú sí ọmọ ẹni lọ. Àwa náà wà ńlé, ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń sọ òjò kó tó rọ̀. Òjò ọdún yìí tètè dé, gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọn màlúù Fúlàní sì sanra débi pé wọ́n ń rìn bí ìyàwó tuntun.

Lẹ́tà tí o fi rán Dickson, onítírélà tó ń kó símẹ́ǹtì wá láti Àpápá, tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á sókè, ìyá rẹ ní kí n tún un kà, ó rò pé mo fo ibì kan ni, nítorí kò yé e bí o ṣe máa ní o kò ní wá sílé ṣe Iléyá, pé o kò fẹ́ jókòó síwájú ẹran tí o kò ní jẹ, kí ojú má baà ti èmi bàbá rẹ láàárín èrò. Àdùfẹ́, Iléyá èṣí náà, o ò wá, mo tún ti ń wojú ọ̀nà báyìí.

Dickson tún ṣe òfófó kan fún mi. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń rìn bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀ sọ pé ẹran gbígbẹ tí mo ń fi rán òun sí ọ, o kì í fẹnu kàn án, àwọn ọmọ inú ọgbà yín l'Ájégúnlẹ̀ lò ń pín in fún, wọ́n sì ń pè mí ní Bàbá Ẹran. Inú mi dùn díẹ̀, ó sì bàjẹ́ díẹ̀. O mọ̀ pé nílé tiwa, bí a bá pa màlúù, a ó kọ́kọ́ gé ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí a tó ta ẹyọ kan, ìbáà jẹ́ pé ìlú òyìnbó lọmọ náà wà. Bàbá mi ní alápatà tó bá ta màlúù tán láìgé ti ọmọ rẹ̀, ó ti ta ọmọ náà mọ́ ọn. Báwo wá ni mo ṣe fẹ́ ṣíwọ́?

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ohun tó ní kí o má jẹ ẹran kì í dúró sójú kan. Níbẹ̀rẹ̀, o ní ìlú le, ẹran wọ́n, ìwọ àti Uzoamaka tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ń fi ẹ̀wà ṣe ẹran. Ìyẹn yé mi, òun ló jẹ́ kí n máa fi ẹran ránṣẹ́. Nígbà tó yá, o ní ọ̀gá yín ará Íńdíà ní Wharf Road kì í jẹ ẹran láti kékeré, pé oúnjẹ tí wọ́n máa ń fún ọ lọ́sàn-án ti mọ́ ọ lẹ́nu. Ìyẹn náà yé mi, ẹni tó bá ń jẹun lọ́dọ̀ ọ̀gá kì í ṣa oúnjẹ. Lẹ́yìn náà lo wá ní àwọn màlúù tí wọ́n ń dà kọjá ní Malu Road láàárọ̀ ni, pé ọ̀kan dúró láàárín tírélà méjì, ó wò ọ́ títí, àánú rẹ̀ sì ṣe ọ́. Nísinsìnyí o ní gbogbo ìyẹn ti kọjá, pé bí o kò bá ti jẹ ẹran, ara rẹ kàn máa ń pa rọ́rọ́ ni, bí odò tí ẹnikẹ́ni ò tíì pọn láàárọ̀.

Ẹ̀rù bà mí o. Mo mú fọ́tò tí o yà létí òkun lọ sí dìsípẹ́ńsárì, mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ pé lára rẹ. Ó ní òun ò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nínú fọ́tò. Mo ní kó fara balẹ̀, pé fọ́tò aláwọ̀ mèremère ni, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, pupa rẹ̀ á hàn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣáà fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ kan, mo ti ń bá ọ lò ó láràárọ̀.

Ẹ̀rù yìí náà ló gbé mi dé ilé tẹlifóònù ní Ṣàkì. Ṣé o rántí ọjọ́ tẹ́nì kan pè ọ́ ní ọ́fíìsì, tí o ń ṣe halóò, halóò, tí onítọ̀hún ò dáhùn? Èmi ni. Ẹran yíyan ni mo gbé dání, gbígbóná fẹlifẹli, ata àti àlùbọ́sà wà lórí rẹ̀, mo wá gbé e sún mọ́ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí kí òórùn rẹ̀ lè bá wáyà lọ. Bí ohùn bá lè gba inú wáyà dé Àpápá, ṣé òórùn tó fúyẹ́ jù ú lọ ni kò ní lè dé? Mo gbọ́ tí o mí kanlẹ̀, mo ní ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n gbé ẹran mi kúrò lórí irin ìjọba, ó sì ti jẹ ẹyọ méjì kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jà, Tájù alápatà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ti gbọ́ pé o kò jẹ ẹran mọ́. Ó ń ké sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n bi èmi Sùlè léèrè, kí ló wà lára ẹran rẹ̀ tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ fi sá lọ bá ẹ̀wà? Mo ní ọmọ ló sá fún ẹran tèmi, màlúù fúnra rẹ̀ ló ń sá fún tìrẹ. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò bá mi délé. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, ṣé ẹran ni Àdùfẹ́ ń sá fún ni, àbí ọwọ́ tó ń gé e?

Mo wá rántí ìyá tó bí bàbá mi, tí o kò bá láyé. Ìyàwó alápatà ni wọ́n, wọ́n sì ṣíwọ́ ẹran nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n ní opó ni àwọn. Ọ̀fọ̀ parí, wọn ò padà sí i, wọ́n ní eyín ń dun àwọn. Eyín ká tán, wọ́n ní àwọn màlúù ìgbà èwe àwọn ló ń wá kí àwọn lójú oorun, pé kò yẹ kéèyàn jẹ àlejò rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n re ibi àgbà ń rè, mo tún bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, pé ó ti dà bí ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni ò dáko síbẹ̀ mọ́, àmọ́ tí ẹsẹ̀ ẹni ṣì fẹ́ràn láti máa gbà.

Èmi náà ńkọ́? A kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú màlúù. Ní kékeré, nítorí ẹgba bàbá mi ni mi ò ṣe dán an wò. Mo dàgbà, Ààfáà ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wí, mo ń ṣe é nítorí Ọlọ́run. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ màlúù Malu Road dé etí mi, mo tún lọ pọ́n ọ̀bẹ lẹ́yìn ògiri bí mo ti máa ń ṣe, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹgba mọ́, kì í ṣe Ààfáà mọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹ̀rù ba màlúù náà ni. Ọ̀bẹ kan náà, ògiri kan náà.

Mo sì lá àlá. Mo wà ní Àpápá tí mi ò dé rí. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ìkùukùu bo gbogbo tírélà, kò sí èyí tó ń fọn fèrè. Màlúù pọ̀ lọ súà lójú ọ̀nà, gbogbo wọn funfun, kò sókùn lọ́rùn wọn, wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ sọ́nà òkun, ìwọ ń bá wọn rìn, o gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọ̀kan. Èmi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. O ń kọjá lọ, mi ò lè pè ọ́. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Nítorí náà, máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ ti ra ìkòkò tuntun tí ẹran ò wọ̀ rí. Ìpín rẹ, mi ò ṣíwọ́ gígé e o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ọjà tó kọjá ni mo ti ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀gúsí àti ewébẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó Tájù, kó lọ máa wí ìyẹn fún ọkọ rẹ̀. Ti àgbò Iléyá, ti Ọlọ́run nìyẹn, mi ò lè ṣàìpa á, àmọ́ àárọ̀ la ó pa á, ìrọ̀lẹ́ ni kí ìwọ wọ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí o kò jẹ ẹran, màá ní kó bi ọ́, kó sì tún bi ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Fi owó díẹ̀ rán Dickson sí mi. Kì í ṣe owó àgbò, mo ti ní àgbò. Ọṣẹ ni mo fẹ́ rà. Ọṣẹ dúdú ilé ò ká òórùn tó wà lábẹ́ èékánná mi, mo ti ń gbìyànjú rẹ̀ látijọ́ mẹ́ta. Tàbí kí o kúkú bá mi ra ọ̀kan nínú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá, èyí tó bá ta sánsán jù. Màá fi wẹ ọwọ́ mi láàárọ̀, màá fi wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, títí tí ọkọ̀ rẹ á fi dé, kí n lè gbé ọwọ́ náà lé ọ lórí láti súre fún ọ, kí o má fà sẹ́yìn.

Kí ohun tí ò ń jẹ máa ṣe ọ́ lóore, kí ohun tí o kò jẹ má fi ìyà jẹ ọ́. Kí ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn dé ẹnu ọ̀nà wa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlè Alápatà.