Ojú Tí Kì Í Ṣe Ti Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo ní ìrètí pé ara yín le, pé iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Èmi náà ń bẹ láàyè, àfi orúnkún tó máa ń bá mi ṣe awuyewuye bí mo bá fẹ́ dìde. Mo dúpẹ́ náà ni.

Fọ́tò ìyá rẹ tí o fi ránṣẹ́ ti dé láyọ̀. Mo ti gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, níwájú àga mi. O ṣeun, ọmọ mi. Inú rere ni o fi ṣe é, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

O mọ̀ pé ìyá rẹ kò ní fọ́tò kankan tó ti la ojú. Ìyàwó onífọ́tò! Bí iná kámẹ́rà bá ti tàn báyìí, ojú rẹ̀ á ti pa dé. Mo ka ení, mo ka èjì, mo tàn án, mo bá a wí. Pàbó ló já sí. Nígbà tiwa, a kì í mọ̀ àfi tí a bá fọ fíìmù tán nínú yàrá dúdú. Èmi á máa bínú, òun á máa rẹ́rìn-ín, á ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò mí lójoojúmọ́, kí lẹ tún ń wá nínú bébà?"

Nísinsìnyí, fóònù rẹ ti la ojú náà. Méjèèjì dọ́gba, wọ́n ń dán, wọ́n rẹwà. Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ kọ́. Ojú òsì rẹ̀ máa ń kéré díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, àgàgà bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ? Kámẹ́rà tèmi kì í ya ohun tí kò rí. Tìrẹ gbọ́n débi pé ó ń ya ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ta wá ni èyí, kí ni kí n bá a sọ?

Àbúrò ìyá rẹ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé yóò gbè mí. Bó ti wọlé, ó figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n mi rèé! Bí wọ́n ṣe máa ń wò mí gan-an nìyí!" Ó sunkún, ó ṣàdúrà fún ọ. Mo tún yíjú wo fọ́tò náà. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni o, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn dàgbà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di ojú mi kí n lè rí ti ìyá rẹ. Tẹ́lẹ̀, kì í nira. Lọ́sàn-án àná, mo tòògbé lórí àga, ó sì wá bá mi. Aṣọ rẹ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ ni, ó sì pè mí ní orúkọ tí òun nìkan máa ń pè mí. Ó gbójú sókè wò mí. Ọmọ mi, ojú inú fọ́tò yẹn ni.

Mo bẹ̀ ọ́, bá mi wá fọ́tò àtijọ́ tí o fi ṣe èyí, èyí tí eku ti jẹ létí, kí o fi í ránṣẹ́ kíákíá. Bí ojú rẹ̀ bá wà ní dídì, èmi ni mo máa ń là á fún un. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbàgbé bí mo ṣe ń ṣe é.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ, kí ó ṣọ́ ilé rẹ. O kò ní ṣàárẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: o ní ẹ̀rọ náà tún lè mú kí fọ́tò sọ̀rọ̀, pé o ti ń wá ohùn tí yóò bá a mu. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Ohùn rẹ̀ ṣì kù sí mi létí.