Iná Iwájú Alùpùpù Yín

Bàbá mi,

"Ìyá Kúdírá, ìwọ lo pa ẹ̀gbọ́n mi! Alùpùpù tí kò tanná, ẹrù ta ló ń gbé káàkiri Adjamé? Táfá mẹkáníìkì á tú u lọ́la. Tó bá fi lè jẹ́ pé ẹrù aṣọ rẹ ló ba iná yẹn jẹ́, sẹ fìní, ó parí nìyẹn! Wàá palẹ̀ mọ́, wàá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún wa!"

Bí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ṣe pariwo rẹ̀ láàárọ̀ yìí nìyẹn. N ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀. Àárín agbo ilé ló dúró sí kí gbogbo ayálégbé lè gbọ́. Màámi wà nínú yàrá opó, wọn ò lè jáde sí i. Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ rọra, ọkọ mi. Ẹ má bínú, ọkọ mi." Ẹni tó ń lé wọn ni wọ́n ń pè lọ́kọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi débi pé mo bu ètè ara mi jẹ.

Lọ́la ni fidáù ogójì yín. Àná ni ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá alùpùpù yín padà. Ara yín ni kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, gbá, alùpùpù kàn họ díẹ̀ ni. Awakọ̀ rẹ̀ ti sọ fún ọlọ́pàá pé ilẹ̀ ti ń ṣú, òun ò rí iná kankan tó ń bọ̀ lọ́nà Vridi. Ọ̀rọ̀ iná yẹn ni Bàbá Kékeré dì mú.

Nígbà tó lọ pe Táfá mẹkáníìkì ní Treichville, mo ti alùpùpù lọ sẹ́yìn ilé. Ṣé ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ máa ń wí, tí mo bá ń bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú bẹ́ ẹ ṣe ń tún un ṣe? Ẹ ní ibi tí iná ti ń wá ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tó kú sí. Mo kúrò nílé ìwé lẹkọ́ọ̀lì láì gba sẹ̀tìfíkà, ọ̀pọ̀ nǹkan ti fò lọ lórí mi, àmọ́ ìyẹn ò lọ.

Mo wa pẹ́dà títí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn. Mo tẹ fèrè, fèrè ké. Iná ń wá nìyẹn. Mo yọ gílóòbù, mo gbé e lé bátìrì rédíò, ó pọ́n díẹ̀. Ó ku wáyà. Mo ń tọ̀ ọ́ lọ láti abẹ́ ìjókòó títí dé ọwọ́ alùpùpù. Àǹkárá tẹ́ ẹ fi wé ìdìmú, kí ọwọ́ yín má baà yọ̀ lójò, ṣì wà níbẹ̀. Òógùn yín ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó tú u. Ǹ bá má tú u.

Okùn ti rẹ́ wáyà já níbẹ̀. Okùn ẹrù Màámi ni, aláwọ̀ búlúù yẹn. Fọ́nrán rẹ̀ kan ṣì há sí ibi tó ti já.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń so ẹrù náà kọ́ ibẹ̀ láràárọ̀, tẹ́ ẹ bá ń gbé Màámi lọ sọ́jà Roxy. Ọrùn ń dun Màámi látìgbà tí wọ́n ti bí Kúdírá àbúrò mi, ẹ sì búra pé wọn ò ní ru ẹrù mọ́. Àwọn ọkùnrin agbo ilé á máa fi yín ṣẹ̀sín: "Bàbá Kúdírá, aláàárù ìyàwó!" Ẹ̀yin á ní: "Ẹ ń jowú ni. Ìyàwó tiyín ò jẹ́ kẹ́ ẹ bá a gbé e."

Ṣé ẹ mọ̀ pé iná ti kú? Àbí ẹ rò pé ẹ ó délé kílẹ̀ tó ṣú? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí kí n wá di tọ́ọ̀ṣì mú?

Mo fi eyín bó wáyà, mo lọ́ ọ pọ̀, mo gbé e gba ìsàlẹ̀. Mo wé àǹkárá yín padà bẹ́ ẹ ṣe wé e. Mo tún wa pẹ́dà. Oòrùn mú, n ò rí nǹkan kan, àfìgbà tí mo fi ìró mi ṣíji bò ó. Ó tàn. Bàbá mi, ó mọ́lẹ̀ kedere, bí ìgbà tẹ́ ẹ máa ń yọ ní ìkóríta tá a máa ń sáré pàdé yín.

Màámi pè mí láti ojú fèrèsé. "Kí lo rí níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Màámi. Iná ń tàn."

Mo gbọ́ tí wọ́n ní: "Ó ń tàn? Bàbá Kúdírá, kí wá ló dé tẹ́ ẹ ò tanná?" Wọ́n bú sẹ́kún. Wọn ò sunkún báyìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín wálé. Ẹkún ìbínú ni, ẹ̀yin ni wọ́n sì ń bínú sí. Mo dúró, gírísì lọ́wọ́ mi.

Mo ti ju fọ́nrán búlúù náà sínú iná ìdáná. Lọ́la, Táfá á tàn án, á mọ́lẹ̀. Bàbá Kékeré á wá ní ẹ̀gbọ́n òun ni kò bìkítà. Àwọn tó wá jẹ sàráà yín á máa mirí. Èmi ni n ó máa bu omi fún wọn, n ó sì máa gbọ́ ọ.

N ò ní sọ fún Màámi. N ò ní sọ fún Kúdírá tó bá dàgbà, n ò sì ní sọ fún ọkọ tí wọ́n bá fún mi. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn yín, Bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ ní Màámi ò ní ru ẹrù mọ́. Ọrùn tiyín ò lè dùn yín mọ́.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú.