Àgbò Kan, Àgbò Mẹ́jọ

Mọ́ńdè, 19/5/2025
Èmi Mùsílíù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, mo ti di òṣìṣẹ́. Kí àwọn ọ̀tá gbọ́. Wọ́n gbé káàdì kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n kó fọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ fún mi. Ojúlé sí ojúlé la ó máa lọ, ká máa bi àwọn èèyàn: láàárín ọdún kan, ṣé ẹnikẹ́ni jí nǹkan yín? Ṣé ẹ sọ fún ọlọ́pàá? Wọ́n fẹ́ fi mọ bí olè ṣe pọ̀ tó nílùú. Mo ní tàdúgbò wa, òdo ni. Èmi wà níbẹ̀, olè wo ló máa gbójú wọ̀ ọ́? Ọ̀gá wa, Khairiyyah, kàn rẹ́rìn-ín. Awò ojú ẹ̀ tóbi. Àǹtí Dígí ni mo sọ ọ́.

Túsìdeè, 20/5
Àǹtí Dígí ṣàlàyé. Ó ní ìwé ọlọ́pàá, kìkì ohun tí wọ́n bá lọ sọ fún wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, kò sí nínú ẹ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń kanlẹ̀kùn. Àdúgbò tí ìwé ẹ̀ bá mọ́ tóńtóń, ó lè jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ò kàn fẹ́ rí tésàn ni. Mo mi orí bí alákọ̀wé. Prámárì síìsì ni mo bá a dé o — kò mọ̀.

Jímọ̀, 23/5
Àdúgbò Ẹ̀yìn Iga ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ní ṣé mo fẹ́ bá òun ba orúkọ ilé jẹ́ ni. Bàbá Jimoh ní kí n kọ́kọ́ kí àwọn dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ ta ni ẹ́?" Mo sọ. "Ọmọ-ọmọ Àlímọ̀t! Ìwọ ni wọ́n ní kó wá máa ka olè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè, 26/5
Agboolé tiwa. Yàrá mẹ́sàn-án. Mo ṣe mẹ́jọ, wẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ló ní wọ́n jí àgbò wa nígbà Iléyá tó kọjá. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: àgbò mẹ́jọ. Yàrá kẹsàn-án, ti Màmá Àlímọ̀t ni, ìyá tó bí bàbá mi. Mo gbé omi tí mo ń pọn fún wọn láràárọ̀ síwájú ilẹ̀kùn, mo sá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Túsìdeè, 27/5
Ìtìjú. Àǹtí Dígí gbé fọ́ọ̀mù mi sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́. "Mùsílíù, ṣé ọjà ẹran lẹ fi ṣelé ni? Àgbò mẹ́jọ, lọ́jọ́ kan ṣoṣo!" Mo ní ma, ẹyọ kan ni. Nílé wa, ohun tó bá jẹ́ tẹnì kan, tiwa ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní fọ́ọ̀mù ò mọ tiwa o, olóhun nìkan là ń kọ ọ́ sí. Ta ló ni ín? Mo ní Màmá ni. Fọ́ọ̀mù Màmá dà? Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Jímọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n bọ́ káàdì ọrùn mi sílẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 28/5
Ìwé, má sọ fẹ́nì kankan. Èmi ni.
Ọ̀sán gangan ni mo fa àgbò yẹn jáde, mo ń súfèé. Gbogbo ilé rò pé mo ń mú un lọ jẹ koríko. Mo fi pààrọ̀ fóònù. Oṣù kan ò pé, wọ́n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ mi lọ́jà Balógun. Mi ò lọ sí tésàn. Kí ni ǹ bá lọ wí? Ẹja ni Màmá fi ṣe Iléyá. Wọ́n ní ẹja náà dùn.
Olè méjì. Ìwé ọlọ́pàá: òdo. Àǹtí Dígí, ẹ kú làákàyè.

Tọ́sìdeè, 29/5
Mo lọ. Lẹ́yìn ìrun Àsárì. Màmá jókòó síwájú yàrá, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni jí nǹkan wọn. Fọ́ọ̀mù ni mo tẹjú mọ́.
"Bẹ́ẹ̀ ni. Àgbò."
Ṣé ẹ sọ fún ọlọ́pàá?
"Rárá."
Kí ló dé, ma?
Wọn ò wojú mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Ká ní mo sọ fún wọn, ta ni ì bá máa pọnmi fún mi láti èṣí?"
Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde jàre, ilẹ̀ dọ̀tí, àbí èmi ni màá fọ ẹ̀wù ẹ?" "Kọ ọ́ dáadáa. Ẹyọ kan ni o. Má tún sọ ọ́ di mẹ́jọ."
Mo kọ 1. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún ọlọ́pàá, mo kọ: ọ̀rọ̀ ẹbí.

Jímọ̀, 30/5
Káàdì ṣì wà lọ́rùn mi. Mo ní kí Àǹtí Dígí fi fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ mi kún iye olè.

Túsìdeè, 3/6
Àgbò ọdún yìí dé. Màmá pe gbogbo agboolé jọ, wọ́n fa okùn ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ níṣojú wọn. "Mùsílíù ni yóò máa ṣọ́ ọ." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ ni Iléyá. Mo ti so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé wọ́n ti ròyìn mi fún un.