Àpótí Ẹ̀rín àti Àpótí Ìfajúro

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ariwo ìlú ńlá ò tíì di ọ́ létí? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àti bàbá rẹ tó ní òun ò ṣàìsàn ṣùgbọ́n tó ń bá mi lo oògùn mi.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wa ni mo fẹ́ sọ. O mọ nọ́ọ̀sì tuntun yẹn, èyí tó máa ń fọwọ́ ra ọwọ́ kó lè móoru kó tó fi kàn wá? Àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé àpótí méjì wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sára ọ̀kan, wọ́n ya ojú tó fà ro sára èkejì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń jáde ju òkúta kan sínú èyí tó bá inú rẹ̀ mu, pé àwọn fi ń wá bí ìtọ́jú yóò ṣe máa dára sí i ni.

Mo rò ó dáadáa. Orúnkún ń dùn mí, bàbá rẹ ń wúkọ́, ìyàwó kápẹ́ńtà ń sunkún eyín. Ta ló máa wá rẹ́rìn-ín nílé aláìsàn, ṣé a ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Mo ju tèmi sínú ìfajúro, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi wò mí, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ju ẹ̀kúnwọ́, ó ní bóyá wọ́n á fún òun lóògùn tó lágbára.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá ṣí àpótí, ìfajúro kún dẹ́nu, alángbá ló ń sùn nínú ti ẹ̀rín. Ni wọ́n bá gbé bẹ́ǹṣì tuntun wá, wọ́n ń fún wa ní nọ́ńbà kí ẹnikẹ́ni má baà yọ síwájú ẹnìkejì, wọ́n gbé omi mímu síbi tọ́wọ́ á tó o. A gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ṣì ń dùn, a tún ju òkúta sínú ìfajúro. Bí wọ́n ṣe ní kí nọ́ọ̀sì di ẹrù rẹ̀ nìyẹn, pé a ò fẹ́ ẹ.

Mo bá a ní yàrá oògùn, ó ń nu omijé, ó ní kí lòun fi ṣe wá. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi gbàgbé pé òun ń dùn. Mo wọlé tọ ọ̀gá wọn lọ, mo ní àìsàn la fajú ro sí, pé ọwọ́ ọmọ yẹn tù wá ju oògùn lọ. Ọ̀gá fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní nínú gbogbo ètò tí àwọn ṣe, kò sẹ́ni tó rántí bi wá léèrè ohun tó fa ìfajúro. Mo ní ẹ kú ètò, ẹ ṣì lè bi wá báyìí, orí bẹ́ǹṣì yín la kúkú wà.

Nọ́ọ̀sì ti tú ẹrù rẹ̀. Àpótí ẹ̀rín kún débi pé alángbá kó kúrò.

Èmi náà ti gbé agbọ̀n méjì sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nítorí ẹ̀yin ọmọ, ọ̀kan fún ẹ̀rín, ọ̀kan fún ìfajúro. Àbúrò rẹ ti fowó oògùn ránṣẹ́, òkúta tirẹ̀ ti wà níbi tó yẹ. Tìrẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti ń gbóná. Ọ̀nà rẹ á là, iṣẹ́ rẹ á rójú, ọwọ́ tútù ò ní kàn ọ́ lára.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí kò tíì mọ agbọ̀n tí òun máa ju òkúta rẹ sí.